Ẹ Bi Bàbá Akọ̀wé: Ta ni ọ̀gá májísíréètì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Akọ̀wé. Aṣọ ni mò ń tà ní Balógun. Oníbàárà mi kan jẹ mí ní mílíọ̀nù 3 náírà, mo bá pè é lẹ́jọ́ ní kóòtù májísíréètì kan ní apá Mainland. Àwọn ẹlẹ́rìí mi méjèèjì ti sọ tẹnu wọn tán kí wọ́n tó gbé májísíréètì náà lọ síbòmíràn. Èyí tuntun ní ká bẹ̀rẹ̀ látorí. Èyí tó lọ yẹn náà, ó jágbe mọ́ mi lọ́jọ́ kan, ó pè mí ní òpùrọ́ lójú gbogbo èèyàn. Ọkùnrin kan tó máa ń wà lẹ́nu géètì kóòtù ní òun mọ adájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga tó lè bá mi pe májísíréètì tuntun yìí lórí fóònù. Ta ni ọ̀gá wọn gan-an? — Ìyá Bíọ́lá, Ebute Metta

ÌDÁHÙN: Ìyá Bíọ́lá, ẹ kú ìfaradà. Ẹ má fún ọkùnrin yẹn ní kọ́bọ̀. Mo ṣe akọ̀wé kóòtù ní Igbosere títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo mọ irú wọn dáadáa. Adájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga kò láṣẹ láti pe májísíréètì kó ní báyìí ni kó dá ẹjọ́. Gbangba ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti ń tọ́ wọn sọ́nà: ẹni tí ìdájọ́ kò tẹ́ lọ́rùn á pe ẹjọ́ síbẹ̀, tàbí kó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba ìwé ẹjọ́ wò, bóyá májísíréètì ti kọjá àyè rẹ̀. Bó bá ti kọjá àyè, wọ́n á fagi lé ohun tó ṣe. Kò tíì sí ìdájọ́ nínú ọ̀rọ̀ tiyín.

Adájọ́ Àgbà Ìpínlẹ̀ Èkó ló ń pín ibi iṣẹ́ fún àwọn májísíréètì. Bí ọ̀kan bá ti lọ, ẹni tó dé kò lè dá ẹjọ́ lórí ẹlẹ́rìí tí kò fojú rí. Kò yọ àwọn ẹni ńlá sílẹ̀. Wọ́n ti gbé Adájọ́ Mohammed Idris lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, síbẹ̀ ó padà wá parí ẹjọ́ Orji Uzor Kalu, gómìnà Abia tẹ́lẹ̀, àti Ude Jones Udeogu l'Ékòó ní 2019. Udeogu gbé e dé Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ. Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún 2020, wọ́n ní adájọ́ náà kò láṣẹ lórí ẹjọ́ yẹn mọ́, kí wọ́n tún un gbọ́.

Síbẹ̀, ó ń dùn mí. Ẹlẹ́rìí ń darúgbó, òmíràn ń kó kúrò l'Ékòó. Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí wọ́n ṣí májísíréètì nípò láìjẹ́ kó parí ẹjọ́ tó ti gbọ́ ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ẹ lọ bá akọ̀wé kóòtù lónìí, kẹ́ ẹ gba ẹ̀dà ohun tí àwọn ẹlẹ́rìí yín sọ, èyí tí kóòtù lù ní òǹtẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú tàbí tí a kò rí i mọ́, Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ní àyè tí lọ́yà yín lè bá wọlé. Ẹ má fi í sílẹ̀ fún kóòtù nìkan: ìwé ẹjọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ló jóná nígbà tí wọ́n dáná sun kóòtù Igbosere ní oṣù Kẹwàá 2020.

Ti èébú yẹn, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀. Àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ ilé-ẹjọ́ ní ìpínlẹ̀ ló ń gba májísíréètì síṣẹ́, òun náà ló lè bá a wí tàbí kó lé e. Adájọ́ Àgbà ni alága. Kọmíṣọ́nnà ètò ìdájọ́ wà níbẹ̀, àwọn lọ́yà wà níbẹ̀, òfin sì ní kí èèyàn méjì tí kì í ṣe lọ́yà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kọ̀wé sí NJC, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́ jákèjádò Nàìjíríà, ní Abuja, ṣùgbọ́n láti orí adájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga lọ sókè ni tiwọn bẹ̀rẹ̀. Adájọ́ Àgbà ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹjọ́ yín, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ tó tẹnu rẹ̀ jáde gan-an àti orúkọ ẹni tó gbọ́ ọ. Ẹ má da ọ̀rọ̀ gbèsè pọ̀ mọ́ ọn.