Ọmọ mi kọ "I came down at Post Office", ni tíṣà bá fa ìlà pupa sí i

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní SS2 kọ kọ̀m̀pósíṣọ̀n kan, ohun tó kọ nìyí: "I entered inside the bus at Offa Garage, I came down at Post Office, I ran and crossed the road and entered into the shop." Tíṣà ẹ̀ fi bírò pupa fa gbogbo ẹ̀ ya, kò sọ ohun tó burú níbẹ̀. Èmi kà á, ó sì yé mi. Kí ló ṣe é? Ìyá Ramọ́tù, Tanke, Ìlọrin.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, Ìyá Ramọ́tù. Ó yé yín torí pé Yorùbá lọmọ yẹn ń sọ, aṣọ Gẹ̀ẹ́sì ló kàn wọ̀ fún un.

Ẹ wò ó, tí ewúrẹ́ bá bọ́ sí títì, a máa ní ó sáré sọdá. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì nìyẹn, sáré sọ bó ṣe ń lọ, sọdá sọ ibi tó gbà, wọ́n tẹ̀lé ara wọn láìsí wàhálà. Gẹ̀ẹ́sì ò ráyè ìyẹn. Ẹyọ kan ló máa mú, ó máa mú "ran", sọdá wa á wá di ọ̀rọ̀ kékeré kan tó ń tẹ̀lé e lẹ́yìn: "The goat ran across the road." Bẹ́ẹ̀ náà ni sáré jáde ṣe di "ran out", tiro jáde di "limped out", yọ́ wọlé di "crept in", tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ dárúkọ ibi tó ti jáde, "of" á tún bá wọn dé, "ran out of the house". Ramọ́tù fẹ́ kó méjèèjì dání, ló ṣe wá "and" tó fi dè wọ́n. Kì í ṣe pé "ran and crossed" jẹ́ èèwọ̀ o, àmọ́ ó máa dà bíi pé ó sáré tirẹ̀ tán ná kó tó wá sọdá.

Leonard Talmy, onímọ̀ èdè ará Amẹ́ríkà, kọ nípa ọ̀rọ̀ yìí ní 1985, àwọn ará Spéènì náà máa ń fi ọ̀rọ̀-ìṣe gidi sọ wíwọlé àti jíjáde, torí náà kì í ṣàwa nìkan ló ń ṣe.

Ti mọ́tò ló ń dà wá láàmú jù. Àwa, gbogbo ẹ̀ la máa ń wọ̀, a á sì bọ́ọ́lẹ̀, ibẹ̀ ni "came down" ti wá. Gẹ̀ẹ́sì ń wo inú ọkọ̀. Èyí téèyàn lè dìde rìn nínú ẹ̀, bíi bọ́ọ̀sì ńlá tàbí rélùwéè tó ń gba Ọ̀fà kọjá, "get on" àti "get off" ni. Káà tàbí táksí téèyàn máa tẹrí ba kó tó ráyè jókòó, "get into" àti "get out of". Ọ̀kadà ńkọ́? Orí ẹ̀ la wà, "get on" ni. Bọ́ọ̀sì kékeré wa tí wọ́n ń to èèyàn sí bí ẹja, tẹ́nì kankan ò lè nàró níbẹ̀, bọ́ọ̀sì ṣáà lorúkọ ẹ̀, ẹ fi "get on" náà sí i.

"Enter" ní tiẹ̀ ti gbé "into" mì tẹ́lẹ̀, "entered the shop" ti tó. Àdéhùn la máa ń "enter into", kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ ní kó tún un kọ báyìí: "I got on the bus at Offa Garage, got off at Post Office, and ran across the road into the shop." Ẹ jẹ́ kó ka iye ìgbà tí "ran" jáde níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni, òun náà ló gbé e sọdá títì tó tún gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù.