Mò ń na kọ̀ǹpútà lálaalẹ́, kí ló dé tí èèyàn fi ń nà mí?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Tekken 7 ni mò ń gbá lórí PS4 mi, kò sẹ́ni tá a jọ ń gbá a nílé, dátà tí mo ń rà ò sì tó èyí tí mo lè fi máa wọ online. Treasure Battle, ibi téèyàn ti ń bá kọ̀ǹpútà jà, ni mò ń bá yí lálaalẹ́, kọ̀ǹpútà ò lè fọwọ́ kàn mí mọ́. Àmọ́ nígbà tí mo dé game center kan ládùúgbò wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì kan nà mí nígbà mẹ́fà léraléra, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ débi pé ojú ń tì mí láti padà síbẹ̀. Ṣé oṣù mẹ́jọ tí mo fi bá kọ̀ǹpútà jà ti wọgbó lọ nìyẹn?

Ìdáhùn: Kò wọgbó o, àbúrò mi, ohun tó o rò pé ò ń kọ́ kọ́ lò ń kọ́ ni. Ọwọ́ lo ti ń kọ́ láti oṣù mẹ́jọ, ìwọ rò pé ìjà ni.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ àwọn èèyàn ní géèmù ìjà, àwọn kan fẹ́ lọ sí ìdíje, àwọn kan ò kàn fẹ́ kí àbúrò wọn máa nà wọ́n nílé mọ́, kò sì sí oṣù kan tẹ́nì kan ò ní bi mí ní ohun tó o bi mí yìí. Ohun tí kọ̀ǹpútà fún ẹ kì í ṣe kékeré. O ti mọ ibi tí bọ́tìnì wà láì wo páàdì, o mọ ibi tí ẹsẹ̀ ẹni tó o ń lò lè nà dé, kọ́ńbò ẹ, ìyẹn ẹ̀ṣẹ́ àti ẹsẹ̀ tó ń tẹ̀ léra wọn láìdúró, ò já lágbedeméjì mọ́, tó bá jẹ́ ẹni tó ra géèmù lánàá lẹ jọ jókòó, wàá kàn fi í ṣeré ni. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà gan-an ni mo máa ń ní kí wọ́n lọ bá fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta, torí kò ní fi wọ́n rẹ́rìn-ín, kò sì ní sọ pé ìyá òun ń pe òun. Lẹ́yìn ìyẹn ni wàhálà ẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Tekken o, Street Fighter o, Mortal Kombat o, àwòrán wọn máa ń yí nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan yẹn là ń pè ní frame. Kí ojú èèyàn tó rí nǹkan, kí ọpọlọ tó gbọ́, kí ọwọ́ tó tẹ bọ́tìnì, ó máa tó frame 12 sí 15, tó bá sì ti rẹ ẹ́ ó máa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jab inú Tekken, ẹ̀ṣẹ́ kékeré tí gbogbo wa ń jù, frame 10 ló fi ń dé. Ìyẹn ni pé kò sẹ́ni tó lè fojú rí jab kó tó wá blọ́ọ̀kù ẹ̀, ẹni tó blọ́ọ̀kù ẹ̀ ti rò ó ṣáájú pé ó ń bọ̀ ni. Kọ̀ǹpútà wá ńkọ́? Kọ̀ǹpútà ò lójú. Kò wo tẹlifíṣọ̀n kankan, inú ẹ̀rọ tó o so páàdì mọ́ yẹn náà ló ń gbé, bó o ṣe tẹ bọ́tìnì báyìí ló ti mọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù, tó o bá gbé e sí èyí tó le jù, kì í ṣe ọgbọ́n ni wọ́n fi kún un, wọ́n kàn ní kó má díbọ́n mọ́ bíi pé òun ò rí ẹ.

Àwa tá a gbá Mortal Kombat II lórí Sega láyé ijọ́un mọ ohun tí mò ń sọ, o ò tíì sún mọ́ ọn tán, ó ti gbé ẹ sọ nù. 1993 ni géèmù yẹn jáde, inú ẹ̀rọ tí wọ́n ń ki owó ẹyọ sí ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ ń gbá a, ẹni tó ni ẹ̀rọ ò fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ fi owó ẹyọ kan jókòó síbẹ̀ di alẹ́. Báwo la ṣe wá ń borí ẹ̀? A máa wá ohun kan ṣoṣo tí kò mọ̀ ọ́n dá dúró, ohun kan yẹn la ó sì máa fi nà án lọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí gbogbo wa ṣe ń na kọ̀ǹpútà nìyẹn. Ìwọ náà, sọ òótọ́.

Ibi tó ti bà ẹ́ jẹ́ gan-an rèé. Mú hopkick, ẹsẹ̀ tá a fi ń fò gbá èèyàn sókè. Tí kọ̀ǹpútà bá jẹ ẹ́, o ti rí kọ́ńbò ṣe. Tó bá blọ́ọ̀kù ẹ̀ ńkọ́, nígbà míì ó máa dá a padà fún ẹ, nígbà míì ó kàn máa dúró bí òpó, ìwọ náà á tún gbá òmíràn. Ṣùgbọ́n lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú géèmù yẹn, tí wọ́n bá blọ́ọ̀kù hopkick ẹ, ẹni tó blọ́ọ̀kù á ti lè ṣe ohun tó wù ú ní frame 13 kí ìwọ tó lè mira. Jab tí mo ní frame 10 lẹ́ẹ̀kan, ó ti wọlé kó o tó mọ̀. Ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì yẹn mọ èyí dájú. Oṣù mẹ́jọ ni kọ̀ǹpútà fi ń sọ fún ẹ pé hopkick ò léwu, o sì gbà á gbọ́.

Ohun kejì, tí mo tiẹ̀ gbà pé òun ló jù, ni pé èèyàn máa ń rántí nǹkan. Ṣó o ti jókòó tì wọ́n níbi tí wọ́n ti ń ta ayò rí? Ọ̀ta kì í wo ọmọ ayò nìkan, ojú ẹ ló ń wò, ó ń wo ibi tọ́wọ́ ẹ ti fẹ́ẹ́ lọ kó o tó fà á padà, tó bá ti ta méjì mẹ́ta pẹ̀lú ẹ, ó ti mọ ohun tó ń bà ẹ́ lẹ́rù. Ohun tọ́mọ yẹn ṣe fún ẹ nìyẹn. Mi ò sí níbẹ̀ ṣùgbọ́n mo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé gbogbo ìgbà tó bá gbé ẹ ṣubú, ṣe lo máa ń ju ẹsẹ̀ bó o ṣe ń dìde, nígbà tó fi máa di géèmù kejì ó ti ń dúró de ẹsẹ̀ yẹn. Kọ̀ǹpútà inú Treasure Battle ò ní mọ̀ láéláé pé bó o ṣe ń dìde nìyẹn. Nínú Tekken 8 tó jáde ní oṣù kìíní 2024, wọ́n gbìyànjú láti tún èyí ṣe, ohun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ghost, ó máa ń wo bó o ṣe ń jà, á sì máa jà bíi tìẹ, ẹ lè jọ jà kó o rí ìwà ara ẹ. Ó dáa gan-an, mo máa ń lò ó fáwọn ọmọ mi. Àmọ́ géèmù yẹn ò sí lórí PS4, nítorí náà jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹni tí mo máa ń sọ ìtàn ẹ̀ fáwọn tó bá ní àwọn ò rí online gbá ni Arslan Ash, ọmọ Lahore ní Pakistan. Ní 2019 ó gba EVO Japan, ọ̀kan lára àwọn ìdíje ńlá fún géèmù ìjà, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ ó tún gba EVO ní Las Vegas, Knee, ọmọ South Korea tí gbogbo ayé Tekken ń wárí fún, ló nà ní fáínà. Arslan ní àwọn tó tó òun wà nílé lọ́hùn-ún tí físà ò jẹ́ kí wọ́n jáde, Knee fúnra ẹ̀ sì wọ bàálù lọ sí Pakistan lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n nà án níbẹ̀ náà. Inú ṣọ́ọ̀bù géèmù làwọn èèyàn yẹn ti dàgbà, èjìká kan èjìká, kì í ṣe iwájú kọ̀ǹpútà.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe rèé. Fi Treasure Battle sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, Practice, ibi ìdánrawò inú géèmù náà, ni kó o wọ̀. Níbẹ̀ o lè gba ohun tí alátakò máa ṣe sílẹ̀, ìwọ fúnra ẹ lo máa ṣe hopkick yẹn kó gbà á sílẹ̀, wàá tún gba ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ kan tó lọ́ra sílẹ̀, bíi Snake Edge ti Bryan, kó o wá ní kó máa ṣe èyí tó bá wù ú nínú méjèèjì. Iṣẹ́ tìẹ ò ju kó o blọ́ọ̀kù kó o sì dá a padà lọ, má gbá kọ́ńbò kankan, ogún ìṣẹ́jú péré lálẹ́. Ó máa sú ẹ, mo mọ̀. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, mú King, ọkùnrin tó dé orí ẹranko bí ẹkùn yẹn, gba àwọn throw ẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń di èèyàn mú gbé ṣánlẹ̀, sílẹ̀, kó o máa wo apá ẹ̀: tó bá jẹ́ ọwọ́ òsì ló nà wá, 1 (square lórí páàdì PS4) lo máa tẹ̀, tó bá jẹ́ ọ̀tún, 2 (triangle), tó bá jẹ́ méjèèjì, tẹ méjèèjì pọ̀. Kọ̀ǹpútà kan náà ni o, àmọ́ báyìí ìwọ lò ń rán an níṣẹ́.

Ti dátà, ìjà fúnra ẹ̀ kì í jẹ ẹ́ tó bó o ṣe rò, update ló ń jẹ gígà lórí gígà. Ohun tó ń da online rú ni tí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbá bá jìnnà, gbogbo frame tí mo ń kà látòkè á kàn dàrú mọ́ ẹ lójú. Àwọn tó wà nítòsí ẹ ni kó o wá.

Nítorí náà padà sí game center yẹn lọ́jọ́ Sátidé, kó o wá ọmọ yẹn kàn. Má sọ pé o wá gbẹ̀san o, sọ fún un pé kẹ́ ẹ gbá mẹ́wàá, tó bá ti nà ẹ́ tán kó o bi í pé kí ló ń rí tó fi ń mọ ohun tó o fẹ́ ṣe, ọmọdé kì í pa irú ẹ̀ mọ́ra, ó máa sọ fún ẹ. Tó bá ní ìwọ lo máa san owó géèmù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, san án.