Ìwé Kan, Orísun Mẹ́sàn-án

Ìbéèrè: Gramps, ètò kọ̀ǹpútà fún ìtàn ìdílé, ni mo fi ń to ìtàn ìdílé wa. Inú ìwé ìkànìyàn kan ṣoṣo ni mo ti rí ènìyàn mẹ́sàn-án, àmọ́ ó ti di orísun mẹ́sàn-án. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa tún un ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ̀ẹ̀kan péré la máa ń kọ ìwé sí Source, ìyẹn orísun: àkọlé àti ẹni tó ṣe é. Citation, ìyẹn ìtọ́kasí, ló ni ojú ìwé àti ìlà tí ẹ ti rí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ní ààyè Volume/Page. Bí ẹ bá ti kọ ojú ìwé mọ́ àkọlé, bó ṣe ń di mẹ́sàn-án nìyẹn.

Ẹ ṣe ẹ̀dà àkójọ náà ná. Ẹ kó ojú ìwé kúrò nínú àkọlé sínú Citation kí ẹ tó dà wọ́n pọ̀, torí àkọlé kan ṣoṣo ló máa ṣẹ́kù. Lẹ́yìn náà, ẹ yan orísun méjì, ẹ tẹ Edit, kí ẹ tẹ Merge. Méjì méjì ló ń gbà, ẹ ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹjọ.

Ẹ so Citation mọ́ ìṣẹ̀lẹ̀, bí ìbí, dípò orúkọ ènìyàn lásán. Ọjọ́ orí inú ìwé ìkànìyàn sì sábà máa ń jẹ́ àfẹnusọ. Low ni kí ẹ fi Confidence rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ṣeé gbára lé tó, sí.