Ṣé kí n ta ilẹ̀ oko kí ọmọ mi fi ra kẹ̀kẹ́ Márúwá l'Ékòó?

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gá. Ìṣẹ́yìn ni mo wà, pákí àti àgbàdo ni mò ń gbìn. Ọmọ mi ọkùnrin ṣe OND nídìí iṣẹ́ iná, kò tíì ríṣẹ́, ó wá ní kí n ta éékà méjì kóun fi ra kẹ̀kẹ́ Márúwá l'Ékòó. Ó ní kò sílùú tó là táwọn èèyàn ẹ̀ ò kúrò lóko. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ọmọ yín ò parọ́, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Arthur Lewis, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ọmọ St. Lucia tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1979, tó tiẹ̀ gba Ghana nímọ̀ràn láyé Nkrumah, ti sọ ọ́ láti 1954 pé tí èèyàn bá pọ̀ lóko ju iṣẹ́ ibẹ̀ lọ, táwọn kan bá kúrò, irè oko ò ní dín, ibi tí wọ́n lọ ló máa jèrè wọn. Ibi tí wọ́n wá lọ yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà o.

Ẹ wo Bangladesh. Ní nǹkan bí 1979 sí 1980, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Desh kó èèyàn bíi 130 lọ sí Gúúsù Kòríà lọ kọ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ Daewoo, ilé iṣẹ́ ńlá kan níbẹ̀, torí wọ́n ti fi òdiwọ̀n sí iye aṣọ tí Kòríà lè tà sókè òkun, Daewoo wá ń wá ibòmíì tó máa gbà. Nígbà tí wọ́n padà dé, ọ̀pọ̀ wọn fi Desh sílẹ̀, wọ́n lọ dá tiwọn sílẹ̀ àbí kí wọ́n lọ ṣe mánijà fún ẹlòmíì. Lónìí, nínú 100 náírà ọjà tí Bangladesh ń tà sókèèrè, aṣọ ju 80 lọ.

Tiwa ńkọ́? Owó epo dé, ọjà òkèèrè wá di pọ́ọ́kú, epo ọ̀hún ò sì gba èèyàn púpọ̀ síṣẹ́, àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ wa ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ti United Nigerian Textiles ní Kàdúná tìlẹ̀kùn ní 2007. Ẹni tó kúrò lóko wá di ọlọ́jà àbí ọlọ́kọ̀. Ní April 2014 ìjọba tún ìṣirò GDP ṣe, ìyẹn iye gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè ń pèsè lọ́dún, ti 2013 fò láti nǹkan bíi bílíọ̀nù 270 dọ́là sí 510, a kọjá South Africa nígbà yẹn (mi ò rí aládùúgbò mi kankan tí àpò ẹ̀ wúwo sí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì).

Tí kẹ̀kẹ́ ọmọ yín bá wọ títì, èrò ò ní pọ̀ sí i, àwọn tó wà ńlẹ̀ náà ni wọ́n á jọ pín, ká má tíì sọ tàgbèrò àti owó epo. Kò sì síbi tíṣẹ́ yẹn ń gbé e lọ, kẹ̀kẹ́ kàn ń gbó ni.

Ẹ má ta ilẹ̀. Mi ò sì ní kẹ́ ẹ dá a dúró sóko o. Kó gba Agbára, Ọ̀tà àbí Ṣàgámù lọ, kó wọ ilé iṣẹ́ tó ní màṣíìnì ńlá, kó bẹ̀rẹ̀ bí ọmọṣẹ́ lábẹ́ àwọn tó ń tún mọ́tò iná tó ń yí màṣíìnì ṣe, bówó ẹ̀ ò bá tiẹ̀ tó tonímárúwá lákọ̀ọ́kọ́, kó gbà á. Tó bá gbọ́wọ́ dáadáa, tó sì fẹ́ padà wálé, pákí yín ń dúró dè é, Nàìjíríà ló ń gbìn ín jù láyé, ẹni tó máa lọ̀ ọ́, tó máa fún omi ẹ̀ kúrò, tó máa sọ ọ́ di ìyẹ̀fun àti stáàṣì ni ò tó. Owó ilé àti owó ọkọ̀ tó máa kọ́kọ́ ná, ẹ fi éékà méjì yẹn yá olóko míì fún ọdún méjì, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí.