Ìtẹríba Eve níwájú dígí: ìjúbà kọ́

Àbúrò kan bi mí léèrè pé nínú fíìmù All About Eve, kí ni ìtumọ̀ bí Eve ṣe gbé aṣọ ọ̀gá rẹ̀ mọ́ra, tó dúró níwájú dígí, tó ń tẹríba fún èrò tí kò sí níbẹ̀. Ó ní ẹnìkan ti là á yé òun pé ìjúbà ni, pé ọmọ iṣẹ́ ló ń bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá. Ìjúbà kẹ̀! Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ ìjúbà, kò sì jókòó wo fíìmù náà parí.

Fún ẹni tí kò tíì wò ó: ọdún 1950 ló jáde, Joseph L. Mankiewicz ló kọ ọ́, òun náà ló darí rẹ̀. Bette Davis ṣe Margo Channing, àgbà òṣèrébìnrin orí ìtàgé ní New York, tó ti pé ogójì ọdún, tí ọjọ́ orí sì ń já láyà. Anne Baxter ṣe Eve, ọmọbìnrin tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn tíátà lálaalẹ́. Karen, ìyàwó ẹni tó ń kọ eré fún Margo, ṣàánú rẹ̀, ó mú un wọlé. Eve di ẹni tó ń to aṣọ, tó ń dáhùn fóònù, tó mọ ohun tí Margo fẹ́ kó tó sọ ọ́. Kí wọ́n tó mọ̀, ó ti di ẹni tó kọ́ ipa Margo sórí de ọjọ́ tí Margo kò bá lè wá. Ọjọ́ náà dé: Karen fúnra rẹ̀ ló fa epo inú mọ́tò gbẹ kí Margo má lè bá ọkọ̀ ojú irin. Eve ṣeré lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn tó ń kọ̀wé nípa eré sínú ìwé ìròyìn sì ti wà lórí ìjókòó, nítorí ẹnìkan ti ta wọ́n lólobó.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ìjúbà. Ìbẹ̀rẹ̀ eré ni ìjúbà máa ń wà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn alárìnjó ń ṣe é, wọn kì í dédé bẹ̀rẹ̀ eré. Ẹ ti gbọ́ ọ pé bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu. Gbogbo ènìyàn ń kà á jáde bí ìgbà tí wọ́n ń ka ABD, wọn kì í rò ó. Ekòló kò lápá, kò lẹ́sẹ̀, kò ní eyín tí yóò fi gbẹ́lẹ̀. Agbára wo ló fẹ́ fi wọ ilẹ̀ líle? Ìbà nìkan ló ní. Ó tọrọ ọ̀nà, onílẹ̀ sì yà fún un. Ẹni tó ń júbà ń sọ pé àwọn kan ti wà níbí kí òun tó dé, pé bí wọn kò bá yọ̀ǹda, òun kò níbi tí òun ń lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi lùlù fún àwọn aláré. Ọmọkùnrin kan sáré bọ́ sójú agbo lọ́jọ́ kan láìríbà, kíá ni bàbá yìí gbé gángan lé itan, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fi kọ̀ǹgọ́ họ ẹ̀yìn. Agbo dákẹ́ ṣìn-ìn. Àfìgbà tí ọmọ náà padà, tó kúnlẹ̀, tó ríbà, kí ìlù tó dún. Lónìí ẹ ó ní òrìṣà ni ìjúbà, ẹ ó ní ó ń fa àkókò. Ẹ náà kọ́ ló fà á, a kò kọ́ yín.

Ìtẹríba ti àwọn òyìnbó, ìparí eré ló wà. Aṣọ ìkélé á wálẹ̀, á tún ṣí, òṣèré á jáde, á tẹríba, àtẹ́wọ́ á sọ. Owó iṣẹ́ nìyẹn. Òǹwòran ń san gbèsè, òṣèré ń gbà á. Margo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba tirẹ̀ tán lálẹ́ tí Eve dúró níwájú dígí, òógùn ṣì wà lára aṣọ tó bọ́, òun ni Eve gbé dání tó ń tẹríba. Kò ka gbólóhùn kan ṣoṣo nínú eré náà fún dígí. Owó ọ̀yà ló ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbà. Níbi àríyá tí Margo ṣe, Eve fúnra rẹ̀ jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ní bí kò bá sí nǹkan mìíràn, àtẹ́wọ́ ṣá wà. Mankiewicz mọ ohun tó ń ṣe: látìbẹ̀rẹ̀ dópin, a kò rí Eve kó ṣeré lórí ìtàgé. Àwọn kan ní ìlara ni fíìmù náà dá lé, àwọn kan ní ẹ̀rù ogbó ni. Kò burú, n kò bá wọn jà.

Ẹni tó bá ṣì ń jiyàn, kó wo ìparí rẹ̀. Phoebe, ọmọ ilé-ìwé láti Brooklyn, yọ́ wọ yàrá Eve lálẹ́ tí Eve gba ẹ̀bùn. Ó wọ aṣọ Eve, ó gbé ẹ̀bùn náà dání, ó lọ síwájú dígí alápá mẹ́ta, ó ń tẹríba. Ọ̀wọ̀ ta ló ń bọ̀? Kò tíì ṣe eré kankan láyé rẹ̀.

Ohun tó sì pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti Baxter. Nígbà tí wọ́n sọ ìtàn yìí di eré olórin ní 1970, ipa Margo ni Baxter wá gbà lọ́wọ́ Lauren Bacall ní 1971. Ní 1983, àìsàn kò jẹ́ kí Bette Davis máa bá eré tẹlifíṣọ̀n Hotel lọ. Ta ni wọ́n fi rọ́pò? Baxter náà ni.

Àbúrò mi tún béèrè bóyá ẹ̀bùn Sarah Siddons tí Eve gbà wà lóòótọ́. Sarah Siddons wà, òṣèrébìnrin ilẹ̀ Britain ni, ó kú ní 1831. Ẹ̀bùn yẹn ni kò sí. Àwọn tó ṣe fíìmù ló hùmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1952 àwọn olùfẹ́ tíátà kan ní Chicago dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ẹ̀bùn gidi ta òṣèré lọ́rẹ lórúkọ rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fún Bette Davis náà.