Èsì: Ṣé ọ̀ṣọ́ lásán ni "iṣẹ́ ìlú" nínú iṣẹ́ àwọn tó ń kọ́ mọ́ọ̀lù?

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní àbúrò yín tó ka estate management fẹ́ di development manager níbi tí wọ́n ti ń kọ́ mọ́ọ̀lù, ẹ sì ń bi wá bóyá ọ̀ṣọ́ lásán ni ọ̀rọ̀ "iṣẹ́ ìlú", ìyẹn iṣẹ́ tó ń ṣe ìlú láǹfààní, tí wọ́n fi kún un.

Rárá o. Kí wọ́n tó to búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́, development manager ni yóò wá ilẹ̀, tí yóò yẹ ìwé rẹ̀ wò, tí yóò bá ọmọ onílẹ̀ àti ìjọba sọ̀rọ̀, tí yóò sì wá ilé ìtajà ńlá tó máa fa èrò. Nígbà tí mọ́ọ̀lù The Palms ṣí ní Lẹ́kí ní 2005, Shoprite ni ilé ìtajà ńlá tó ń fa èrò wá síbẹ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké sì ń jẹ lára èrò rẹ̀ nígbà náà.

Kí àbúrò yín ka ìtàn James Rouse, ará Maryland ní Amẹ́ríkà, tó ń kọ́ mọ́ọ̀lù. Ó ṣí mọ́ọ̀lù Harundale ní 1958. Ní 1967 ó ṣí ìlú Columbia, níbi tí aláwọ̀ dúdú àti funfun ti ń jọ gbé, nígbà tí èyí ṣì ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ní 1982, òun àti ìyàwó rẹ̀ dá Enterprise Foundation sílẹ̀ kí tálákà lè rí ilé gbé.

Ní tiwa, tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ mọ́ọ̀lù síbì kan, ìyálọ́jà àti Baálẹ̀ ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ lọ kí. (Kó má lọ lọ́wọ́ òfo o!) Ní báyìí ná, kó ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gba owó ṣọ́ọ̀bù, kó sì máa bá ìdánwò NIESV, ẹgbẹ́ àwọn estate surveyor ní Nàìjíríà, lọ.