Fídíò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí màmá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ìyá mi ti ń lo amlodipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan fi fídíò kan ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Dókítà kan tó wọ aṣọ funfun ń sọ níbẹ̀ pé oògùn yẹn máa ń mú kí ẹsẹ̀ wú, pé ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ó ní kí wọ́n dà á nù, kí wọ́n máa mu àgbo inú ìgò kan tó ní nọ́ńbà NAFDAC. Lóòótọ́, ẹsẹ̀ ìyá mi máa ń wú. Wọ́n ti ní kí n bá àwọn ra ìgò mẹ́ta. Mo wo fídíò náà títí, mi ò rí ibi tí irọ́ wà. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ òótọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí owó tó jáde. Kí màmá má dá oògùn wọn dúró nítorí fídíò. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Ó lè ga débi tó léwu kí ara wọn ṣì yá gágá, kí wọ́n sì máa rò pé àgbo ló ń ṣiṣẹ́.

Ẹ ní ẹ wo fídíò náà títí, ẹ ò rí irọ́ níbẹ̀. Ẹ ò lè rí i níbẹ̀ náà. Bí ọmọkùnrin kan bá wá tọrọ ọmọ yín, ṣé ojú rẹ̀ lẹ máa tẹjú mọ́ kí ẹ tó mọ̀ bóyá ilé rẹ̀ dáa? Ẹ ó fún un lómi mu, ẹ ó bá a ṣàwàdà, àmọ́ alárinà ti wà lọ́nà àdúgbò wọn. Ẹni tó mọ̀ pé wọ́n máa wo òun, aṣọ tó dáa jù lọ ló máa wọ̀ wá. Aṣọ funfun dókítà yìí, agbádá ìtọrọ ni.

Ní 2017, Sam Wineburg àti Sarah McGrew ní Yunifásítì Stanford, l'Ámẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ 25 jọ, pẹ̀lú ọ̀mọ̀wé onímọ̀ ìtàn mẹ́wàá, àti èèyàn mẹ́wàá tó ń fi yíyẹ ìròyìn wò ṣiṣẹ́ jẹun. Púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtàwọn ọ̀mọ̀wé ló jókòó ti ojú ewé kan ṣoṣo, tí wọ́n ń kà á lọ sókè sódò, orúkọ ńlá àti àwòrán tó dùn-ún wò sì tàn wọ́n jẹ. Àwọn ayẹ̀ròyìnwò ò tiẹ̀ pẹ́ níbẹ̀. Kíá ni wọ́n ṣí ojú ewé míì, tí wọ́n ń wá ohun tí ẹlòmíì sọ nípa ẹni tó ni èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí. Ẹ ò rí i pé ìwé àkàyè nìkan kọ́.

Èmi náà jáde kúrò nínú fídíò tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Mo dá a dúró níbi tí ojú dókítà ti hàn kedere, mo ya àwòrán rẹ̀ lórí fóònù, mo gbé e fún Google Lens, tó máa ń wá ibòmíì tí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ọkùnrin kan náà, táì kan náà, àga kan náà, lórí ètò tẹlifíṣọ̀n kan tó ti pẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ibà ló wá sọ, kò dárúkọ ẹ̀jẹ̀ ríru rárá, ká má tíì wá sọ ti àgbo. Ṣe ni wọ́n fi kọ̀ǹpútà ki Yorùbá bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Mo wá padà lọ wo ètè rẹ̀ níbi tó ti ní “gbogbo ẹ̀yin ìyá mi”. Ẹ pe “gbogbo” fúnra yín: ètè yín á pàdé lẹ́ẹ̀mejì. Tirẹ̀ ò pàdé rárá. Àmọ́ ẹ má fi ètè ṣe òṣùwọ̀n o. Ọwọ́ àwọn tó ń ṣe é ń mọ́ sí i lójoojúmọ́. Ibi tí wọ́n ti jí ojú rẹ̀ gbé ni ẹ̀rí.

Nọ́ńbà NAFDAC ló ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ dá fídíò náà dúró níbi tó ti gbé ìgò sókè, kí ẹ wo ìparí nọ́ńbà náà. Lẹ́tà L ló wà níbẹ̀. Ohun tí L yẹn ń sọ ni pé wọ́n kan kọ orúkọ àgbo náà sílẹ̀ ni; wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń wo àìsàn tó ní òun ń wò. Wọ́n máa ń kọ ìyẹn gan-an sára irú ìgò bẹ́ẹ̀, ní lẹ́tà wínníwínní tó jẹ́ pé àwa olóògùn tá a ń tà á gan-an ń bọ awò ká tó rí i kà. Ẹ tún lè lọ sí Greenbook, ìyẹn àkójọ orúkọ ọjà tó ní nọ́ńbà wọn, tí NAFDAC gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tẹ orúkọ náà síbẹ̀, kí ẹ wò bóyá orúkọ, nọ́ńbà àti ilé iṣẹ́ bára mu. Àwọn kan máa ń jí nọ́ńbà ọjà ọlọ́jà lẹ̀ mọ́ tiwọn.

Bí ẹnì kan bá ní ìwádìí wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ òun, ẹ bi í léèrè èèyàn mélòó ni wọ́n fi ṣe é, kí sì ni àwọn míì rí lẹ́yìn ìgbà náà. Ní oṣù kẹta 2020, ìwádìí tí Didier Raoult àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ilẹ̀ Faransé lórí hydroxychloroquine fún Kòrónà, èèyàn 36 péré ló wà nínú rẹ̀. Kí ẹ tó pajú pẹ́, wọ́n ti ń wá chloroquine, oògùn ibà tó jọ ọ́, kiri ní Èkó, àwọn kan sì lò ó dé ilé ìwòsàn. Nígbà tó di oṣù kẹfà, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Oxford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi aláìsàn tó ju 4,000 lọ ṣe tiwọn sọ pé kò ran ẹni tó wà ní ọsibítù lọ́wọ́. Ní oṣù kejìlá 2024, ìwé àtìgbàdégbà tó gbé tàkọ́kọ́ jáde fagi lé e.

Ẹ má sì bá ẹni tó fi ránṣẹ́ sí màmá jà. Ní oṣù kẹjọ 2014, nígbà Ebola, àǹtí mi ló jí mi lóru pé kí n dìde kí n fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí n sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìfẹ́ ló mú wọn pè mí. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde pé ó kéré tán, èèyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà látàrí omi iyọ̀ mímu. Pé ẹnì kan fẹ́ràn wa kò sọ pé ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá.

Ó wá ku ẹsẹ̀ tó ń wú. Òótọ́ díẹ̀ tí irọ́ náà gùn lẹ́yìn nìyẹn, òun ló sì jẹ́ kó wọ màmá létí. Amlodipine máa ń mú kí ọrùn ẹsẹ̀ àwọn kan wú lóòótọ́. Ti kíndìnrín ni wọ́n dorí rẹ̀ kodò: ẹ̀jẹ̀ ríru tí a ò tọ́jú ló ń bà á jẹ́. Torí náà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Màmá, irọ́ ni wọ́n ń pa fún yín.” Ẹ béèrè nípa ẹsẹ̀ wọn. Kí ẹ mú wọn lọ bá dókítà wọn lọ́sẹ̀ yìí, kó wo ohun tó ń fa wíwú náà; ó lè dín oògùn náà kù tàbí kó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn níbẹ̀, kí màmá fojú ara wọn rí nọ́ńbà náà. Bí wọ́n bá ti fo ọjọ́ kan tàbí méjì, kí wọ́n padà sí iye tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n má lo méjì pọ̀ láti fi dí ti àná.